Ọ̀rọ̀ Tí A Fò Nínú Orin

Kì í ṣe nítorí orin ni Aránṣọ ṣe wọ ẹgbẹ́ akọrin. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i bó ṣe ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, tí kì í wo pátákó, tí kì í wo Tíṣà, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọrùn obìnrin kan ṣoṣo ló ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò ti mọ̀ pé ohun mìíràn ló gbé e wá. Ibojì ló ń wá. Ibojì ọkùnrin tí ì bá ti di ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó sì mọ ibi tó wà kò ju ìyá ọkùnrin náà lọ, tó jókòó síwájú lápá kejì kíláàsì, tó kẹ̀yìn sí i.

Gbogbo àdúgbò ṣì ń pe obìnrin náà ní Ìyá Káfíńtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Káfíńtà ti kú. Alágbàfọ̀ ni. Kò sí ìgbà tí òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kì í sí lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìjà, Aránṣọ ti kúnlẹ̀ kí i lójú títì láìmọye ìgbà. Obìnrin náà á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára òpó iná.

Títì kan ló pín ìlú náà sí méjì. Ará òkè títì wà, ará ìsàlẹ̀ títì wà. Kí ìjà tó dé, ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju ti ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì lọ: ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, ilé ìwé kan náà ni ọmọ wọn ń lọ. Ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ló kàn yàtọ̀ lẹ́nu wọn. Ohun tí à ń tàn bí ilẹ̀ bá ṣú, ará ìsàlẹ̀ ń pè é ní fìtílà, ará òkè ń pè é ní àtùpà. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni wọ́n ń fi bá ara wọn ṣe.

Ojú ẹ̀fẹ̀ yẹn gan-an ni ìfẹ́ gbà wọlé. Káfíńtà, ọmọ òkè, wá tún ẹsẹ̀ tábìlì máṣíìnì Aránṣọ ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ gbé àtùpà yẹn sún mọ́ mi díẹ̀."

"Kí lẹ pè é?"

"Àtùpà."

"Hẹn-ẹn. Ṣọ́ọ̀bù yìí ò ní nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fìtílà la ní."

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ ó mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Ojú kọ́ ló ń woni nígbà náà. Ọkàn ló ń gba ojú yọjú síta.

"Tó bá jẹ́ fìtílà lẹ ní," ó ní, "á jẹ́ pé inú òkùnkùn ni màá ti ṣe é." Ó sì ṣe é nínú òkùnkùn lóòótọ́, ó fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ègé aṣọ tó kù nílẹ̀ ni Aránṣọ fi dì í fún un, tó ń rẹ́rìn-ín tó tún ń káàánú. Láti ọjọ́ náà, tábìlì yẹn kò gbádùn mọ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá mì lónìí, àpótí rẹ̀ á há lọ́la. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé irú àìsàn wo ló ń ṣe tábìlì tí dókítà rẹ̀ kì í fi lọ sílé.

Wọ́n ṣòfin láàárín ara wọn: ìgbàkígbà tí Káfíńtà bá pe àtùpà nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ni yóò gbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ títí ìgbálẹ̀ fi pá. Ọjọ́ kan ló kàn dédé wí, láìronú, pé, "Fìtílà yìí mà ń ṣèéfín o." Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun wí i. Aránṣọ pàtẹ́wọ́, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. Lójú tirẹ̀, ó dà bíi pé ẹnu ọkùnrin náà ti gbé e níyàwó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ilé àna.

Lẹ́yìn náà ni ìjà dé. Ta ló kọ́kọ́ sọ òkò, ta ló kọ́kọ́ sun ilé? Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa. Àwọn ọ̀dọ́ apá méjèèjì dínà. Aṣọ wọn kò yàtọ̀, àwọ̀ wọn kò yàtọ̀; báwo ni wọn yóò ṣe mọ ará ibí yàtọ̀ sí ará ọ̀hún? Wọ́n á gbé iná sókè síni lójú: "Kí ni wọ́n ń pe eléyìí?" Ohun tí à ń fi ṣẹ̀fẹ̀ wá di ohun tí à ń fi pààyàn.

Káfíńtà yọ́ wá wo Aránṣọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ìjà náà, kó lè mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí, ó ní kí òun padà lọ bá ìyá òun kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Kò délé.

Ohun tí Aránṣọ mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ìyókù, ọkàn rẹ̀ ló rò ó parí: àwọn ọmọ ìsàlẹ̀, ọmọ àdúgbò tòun gan-an, ló dá a dúró, ẹ̀rù bà á, ọ̀rọ̀ ilé ìyá rẹ̀ ló sì bọ́ sí i lẹ́nu. Bí àwọn ọmọ àdúgbò náà bá wá wọn aṣọ, á fa téèpù yí wọn láyà, á sì máa wo ọwọ́ wọn. Ṣé ọwọ́ yìí ni?

* * *

Wọ́n tún gbọ̀ngàn ìlú tó jóná kọ́. Tíṣà, tó ti kọ́ ọmọ òkè, tó ti kọ́ ọmọ ìsàlẹ̀, ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, àfi kí apá méjèèjì dúró lójú kan kọrin. Ó ń kó wọn jọ sí kíláàsì kan nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ará òkè á jókòó lápá ọ̀tún, ará ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ọ̀nà tóóró kan wà láàárín tí ẹnikẹ́ni kì í na ẹsẹ̀ sí.

Tíṣà kọ orin sójú pátákó. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ó kọ *Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ gbé*, ó fi àlàfo sílẹ̀, ó wá kọ *wá*.

"Kí la máa fi síbẹ̀, Tíṣà?"

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu yín."

Wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sẹ́nu wò: fìtílà, ohùn á fò sókè láàárín, á tún balẹ̀; àtùpà, ohùn kò kúrò nílẹ̀ rárá. Dò-mí-dò, dò-dò-dò. Orin kan ṣoṣo kò lè gbé méjèèjì. Nígbà tí apá méjèèjì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dún bí ìgbà tí ọkọ̀ méjì forí sọra. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí kò rántí ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì kẹ́yìn.

Bíríkìlà, ará òkè, ni aláwàdà wọn. Kì í lè rí ìdákẹ́jẹ́ kó má sọ òkúta sí i. "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fi tọ́ọ̀ṣì sí i. Gbogbo wa la ń pe tọ́ọ̀ṣì ní tọ́ọ̀ṣì."

"Bátìrì ńkọ́?" Obìnrin kan ló dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀. "Ṣé ìwọ lo máa rà á? Ìwọ tí o kì í ra ọṣẹ?"

"Ẹ kúkú fi jẹnẹrétọ̀ sí i!"

Ẹ̀rín sọ lápá méjèèjì. Tíṣà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì kan pátákó. "Tá a bá sá fún ọ̀rọ̀ yìí lónìí, ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ọmọ wa ni yóò kọsẹ̀ lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: ará òkè, ẹ kọ fìtílà. Ará ìsàlẹ̀, ẹ kọ àtùpà. Kí kálukú tọ́ ti ẹnìkejì ẹ̀ wò lẹ́nu. Ẹ̀yin ìyá òkè, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀."

Àwọn ìyá òkè wo ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn Ìyá Káfíńtà ló là jù láàárín wọn. *Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ gbé fì...* Ohùn náà gòkè dé "tí", ó sì há síbẹ̀, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Obìnrin náà dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Aránṣọ kò mọ ìgbà tí òun fo ọ̀nà tóóró àárín yẹn kọjá.

Níbi ẹ̀rọ omi ilé ìwé ló bá a, ó ń bu omi sójú. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Mi ò ní kẹ́ ẹ fẹ́ràn mi. Ibi tẹ́ ẹ sin ín sí nìkan ni kẹ́ ẹ fi hàn mí. Kí n kàn fojú rí i."

"Kí o fojú rí kí ni? Iṣẹ́ ẹnu ẹ?"

"Mà?"

Ìyá Káfíńtà ti ẹ̀rọ omi pa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìjà, ó wo ojú ọmọbìnrin náà. "Ta lo rò pé ó pa á?"

"Àwọn ọmọ àdúgbò wa ni, Mà. Mo mọ̀. Ojú ń tì mí, mi ò..."

"Ó ti kọjá àwọn ọmọ àdúgbò yín. Ó kọjá wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí ẹnu yín ló fi dá wọn lóhùn. Ọ̀dọ̀ tiwa ló kú sí. Ó ku díẹ̀ kó délé. Mo gbọ́ ariwo yẹn láti inú ilé, èmi fúnra mi, mo tún lọ ti ilẹ̀kùn." Ó fi etí ìró nu ọwọ́, ó nu ún, ó tún nu ún, bí ẹni pé omi náà kò fẹ́ gbẹ. "Wọ́n gbé àtùpà sí i lójú, wọ́n ní kí ni. Ọmọ tí mo bí, tí mo kọ́ ní ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọmú, ó ní fìtílà."

Ọwọ́ Aránṣọ lọ sí ẹnu ara rẹ̀.

"Wọn ò... ṣé wọn ò dá a mọ̀ ni, Mà?"

"Ọmọ àdúgbò ọ̀nà jíjìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, òun ló sì di àtùpà mú. Ó ní àwọn ò wo ojú èèyàn nígbà yẹn, ẹnu nìkan làwọn ń wò. Bíríkìlà ni. Ẹni tó ń pa yín lẹ́rìn-ín nínú ibẹ̀ yẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Mo ní kó dìde. Òun ló ń bá mi pọnmi ìfọṣọ báyìí. Ṣùgbọ́n ìwọ... Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ti ọmọ tèmi yàtọ̀. Ẹnu ẹlòmíràn ló pa á. Bí mo bá ti rí ẹ, ohùn ẹ ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi."

"Mi ò mọ̀, Mà. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀," ni Ìyá Káfíńtà wí. "Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè rí ọ̀rọ̀ bú ẹ." Ó sì lọ.

* * *

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, iṣẹ́ sá fún Aránṣọ lọ́wọ́. Àtẹ́wọ́ tó pa lọ́jọ́sí ló ń gbọ́. Bó bá tẹ máṣíìnì, àtẹ́wọ́ náà ni. Bí òjò bá ń kán sórí páànù, òun náà ni. Ó ti fi ẹ̀rín kọ́ ọkùnrin kan ní ikú, ó sì ti fò mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tó mọ̀ ọ́n. Ó rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ibi ọrùn. Obìnrin náà gbé e sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Àǹtí Aránṣọ, orí mi ló máa gba apá wọlé ni àbí kí lẹ rí?" Ó ń retí ẹ̀rín. Ẹkún ló rí, ó sì fi aṣọ náà sílẹ̀, ó ní kò sí wàhálà.

Aránṣọ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin mọ́, títí Tíṣà fi wá jókòó sórí àpótí tí Káfíńtà máa ń jókòó sí.

"Ààyè ẹ ṣófo."

"Ẹ wá ẹlòmíràn, Tíṣà. Ẹnu mi ti ṣe tó."

Tíṣà kò bi í ní ìtumọ̀. Gbogbo ìlú ti gbọ́ nígbà yẹn. "A ti fo ọ̀rọ̀ náà," ó ní. "Mo ṣe àṣejù. Èmi rò pé orin lè fi ipá yí ẹnu èèyàn padà. Ìyá Káfíńtà ló ní ká dákẹ́ níbẹ̀. Tá a bá ti dé 'ẹ gbé', kí gbogbo wa panu mọ́, kó tó ìwọ̀n ìgbà tí à bá fi pè é, ká tó wá kọ 'wá'. Gbogbo wa gbà." Ó dìde, ó gbọn òwú kúrò ní ṣòkòtò. "Ó bèèrè ẹ."

"Ta ni?"

"Òun náà ni. Ó ní, 'Aránṣọ yẹn ńkọ́? Ẹ sọ fún un pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa pè níbẹ̀ mọ́.'"

Tíṣà lọ. Kì í ṣe ìdáríjì ni iṣẹ́ náà, Aránṣọ mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹnu obìnrin yẹn, ó ju ohun tó ti rí gbà rí lọ, ibojì náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, ọ̀sán ni, òórùn ọ̀dà tuntun kún ibẹ̀. Ará òkè jókòó lápá ọ̀tún, ará ìsàlẹ̀ lápá òsì. Àṣà ìjókòó kì í tètè kúrò lára. Àwọn akọrin dúró. Wọ́n kọ ìlà kìíní, wọ́n kọ ìkejì. *Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ gbé...* Wọ́n panu mọ́.

Ẹ mọ etí wa. A kì í fi àlàfo sílẹ̀ nínú orin kí inú olùgbọ́ má dáhùn. Láìsí ẹni tó rán wọn, gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn náà pe ohun tó kù, wúyẹ́wúyẹ́, lábẹ́ ètè. Fìtílà. Àtùpà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́ mọ́ra wọn bí òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n gbọ́ ara wọn. Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà. Obìnrin kan pariwo ẹkún, wọ́n dì í mú.

Àwọn akọrin kọ "wá", wọ́n bọ́ sí ẹsẹ kejì, ìlà náà sì tún yí dé. *Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ gbé...* Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó mí nínú gbọ̀ngàn. Ibi tó dákẹ́ dé nìyẹn tí Ìyá Káfíńtà fi la ẹnu.

"Fìtílà."

Kò kọ ọ́ bí ará òkè tó ń sín ará ìsàlẹ̀ jẹ. Ó fa "tí" náà díẹ̀, bí Aránṣọ ti ń fà á, bí ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ọ láti fà á. Bíríkìlà, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Aránṣọ kò pète ohunkóhun. Ẹnu rẹ̀ ló kàn là. "Àtùpà," ó ní, dò-dò-dò, nílẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ tó ti fi ìgbálẹ̀ lé kúrò lẹ́nu ọkùnrin kan. Ó gbé e padà fún ẹni tó ni ín.

Ọwọ́ Tíṣà wà lókè, kò mọ bí yóò ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn akọrin ló bá ara wọn kọ "wá".

Nígbà tí èrò ń tú ká, Ìyá Káfíńtà gba ẹ̀gbẹ́ Aránṣọ kọjá. Kò dúró dáadáa. "Tó o bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́la, wá bá mi. Wọ bàtà tó nípọn, òkúta pọ̀ lọ́nà ibẹ̀."

"Ẹ ṣé, Mà. Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá mi..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú, Mà."

* * *

Ìyá Káfíńtà ló ṣáájú, kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti ń la pákó, wọ́n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Òkìtì erùpẹ̀ kékeré ni ibojì náà. Koríko ti hù yí i ká, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan kò jẹ́ kí èyíkéyìí hù lórí rẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí Aránṣọ ti kó jọ láti ìgbà yìí wá, tó ti ń dá sọ lórí ibùsùn, kò rí ọ̀kan mú nínú wọn. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí erùpẹ̀. Ó gbóná díẹ̀ nítorí oòrùn. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò gbé e, omijé ń ro tó-tó-tó sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà.

Ìyá Káfíńtà dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí.

"Kí ló máa ń sọ lọ́dọ̀ ẹ?"

"Mà?"

"Ọmọ mi. Ọdún tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀dọ̀ ẹ ló ti lò ó. Oorun ló kàn ń wá sùn nílé mi." Ohùn rẹ̀ le. "Èyí tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ ti tán. Mo ti rò ó, rò ó, ó ti gbó mọ́ mi lọ́wọ́. Tọ̀dọ̀ ẹ ló kù. Kí ló máa ń ṣe?"

Aránṣọ nu imú. "Ó... ó máa ń ní òun ò jẹun, Mà. Tí mo bá fẹ́ bu oúnjẹ fún un, á ní òun ti yó. Tí mo bá wá bẹ̀rẹ̀ tèmi, á ní kí n jẹ́ kí òun kàn tọ́ ọ wò."

"Á wá tọ́ ọ wò títí abọ́ á fi mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Olè ọmọ." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá náà, ṣùgbọ́n kò délẹ̀ kó tó yí padà. Ó jókòó sórí koríko, ó na ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Inú mi ò tíì yọ́ sí ẹ o."

"Mo mọ̀, Mà."

"Mi ò mọ̀ bóyá ó máa yọ́."

"Mo mọ̀, Mà."

"Máa sọ ọ́ lọ."